Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Bí Ẹ Bá Fẹ́ Lọ sí Ìpàtẹ Àwọn Tó Ń To Mọ́dẹ́lì Táǹkì Ogun

Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ gan-an?

Àpéjọ ni, ọjà ni, ìdíje náà sì ni. Àwọn tó ń to mọ́dẹ́lì ọkọ̀ ogun, ìyẹn àwòṣe kékeré tí a fi rọ́bà tò, máa ń kó iṣẹ́ ọwọ́ wọn wá láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n á gbé e sórí tábìlì nínú gbọ̀ngàn ńlá, ará á wá wò ó, adájọ́ á fún un ní máàkì. Àwọn ọlọ́jà á pàtẹ sí yàrá kejì. Ní yàrá kẹta, ẹni tó mọ iṣẹ́ náà dunjú á jókòó, á máa fi búrọ́ṣì han àwọn èèyàn bí ẹrẹ̀ ṣe ń gbẹ mọ́ ẹsẹ̀ táǹkì.

Èyí tí mo mọ̀ jù ni ti AMPS, ìyẹn Armor Modeling and Preservation Society, ẹgbẹ́ kan ní Amẹ́ríkà. Ọkọ̀ ogun orí ilẹ̀ ni tiwọn: táǹkì, ọkọ̀ onírin tó ń lo táyà, ọkọ̀ akẹ́rù ológun, ìbọn àgbá àti àwọn ọmọ ogun tó ń lò wọ́n. Ẹni tó bá ń wá bàálù, ibòmíràn ni kó lọ. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni ìpàtẹ àgbà wọn, ó sì máa ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn. Nígbà kan, ó máa ń wà ní Havre de Grace ní Maryland, ìpínlẹ̀ tí mo ń gbé. Ìlú yẹn kò jìnnà sí Aberdeen, níbi tí iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà kó táǹkì àtijọ́ jọ sí. Lórí koríko nínú ọgbà yẹn ni mo ti kọ́kọ́ fọwọ́ kan táǹkì gidi, kí wọ́n tó kó wọn lọ sí Fort Lee ní Virginia. Irin rẹ̀ gbóná nínú oòrùn bí ìkòkò orí iná. Láti ọjọ́ yẹn ni nǹkan yìí ti wọ̀ mí lára.

Ṣé kì í ṣe ohun ìṣeré ọmọdé ni?

Rárá. Àwọn páálí mọ́dẹ́lì kan wà tí èérún rọ́bà inú wọn lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Ẹni tó ń tò ó á gé e níkọ̀ọ̀kan, á fi sáńpépà ra á, á lẹ̀ ẹ́, á kùn ún, oṣù mẹ́ta lè kọjá lórí táǹkì kan ṣoṣo. Ẹni tó bá ti jókòó ti agbẹ́gilére rí, tó wo bó ṣe ń fi ṣóńṣó ọ̀bẹ la ojú ère, yóò mọ irú ìfọkànsí tí mo ń sọ.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá ló ti ṣe iṣẹ́ ológun rí. Mo rí bàbá àgbàlagbà kan tó dúró ti mọ́dẹ́lì M48, táǹkì tí àwọn ará Amẹ́ríkà lò ní Vietnam. Kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó yá, ó nawọ́ sí ìlẹ̀kùn kékeré kan lórí rẹ̀ láìfi ìka kàn án, ó ní, “Ibí ni mo máa ń jókòó sí.” Ọmọkùnrin tó to mọ́dẹ́lì náà fà á ní àga, àwọn méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀. Nítorí irú nǹkan báyìí ni mo fi ń padà lọ lọ́dọọdún.

Kí ni 1/35 tí gbogbo yín máa ń pè?

Ìwọ̀n ni. Ohun tó bá gùn ní sẹ̀ǹtímítà 35 lára ọkọ̀ gidi á di sẹ̀ǹtímítà 1 lára mọ́dẹ́lì. Táǹkì Sherman tó gùn tó bíi mítà 5.8 á wá di nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 16 ààbọ̀. Ọkùnrin tí kò ga jù tí kò kúrú jù á di sẹ̀ǹtímítà 5, ojú rẹ̀ kò sì ní tóbi ju ẹ̀wà lọ.

Ìdí tó fi jẹ́ 35 yà mí lẹ́nu nígbà tí mo gbọ́ ọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, iléeṣẹ́ Tamiya ní Japan ṣe táǹkì Panther ti Jámánì kan tó ń rìn fúnra rẹ̀. Wọ́n fi ìwọ̀n rẹ̀ sí ibi tí ẹ̀rọ àti bátìrì á lè gbà nínú rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n wá wọ̀n ọ́n, ó bọ́ sí nǹkan bíi 1/35, ìwọ̀n náà sì ràn dé ọ̀dọ̀ gbogbo àwọn iléeṣẹ́ tó kù. Ẹ óò tún rí 1/72, 1/48 àti 1/16 lórí tábìlì.

Ṣé dandan ni kí n mú mọ́dẹ́lì wá?

Kì í ṣe dandan. Ẹ lè sanwó ìwọlé kí ẹ kàn máa wòran. Ẹ sì lè gbé tiyín wá kí ẹ ní kí wọ́n má dá a lẹ́jọ́, pé fún àwòrán lásán ni.

Síbẹ̀, mo bẹ yín, ẹ gbé nǹkan wá. Mo mọ àwọn tó ti ń wá fún ọdún mẹ́rin tí wọ́n ń sọ pé àwọn ò tíì ṣe èyí tó dára tó. Ẹni tó gbé iṣẹ́ rẹ̀ sórí tábìlì ni àwọn èèyàn máa ń bá sọ̀rọ̀. Táǹkì tí àbùkù wà lára rẹ̀ á kọ́ yín ju èyí tí ẹ fi sílẹ̀ lókè àpótí nílé.

Èló ni yóò ná mi?

Hòtẹ́ẹ̀lì ló ń gbówó jù, nítorí náà ẹ tètè gba yàrá. Àwọn tó ṣètò ìpàtẹ sábà máa ń bá hòtẹ́ẹ̀lì dúnàádúrà kí owó yàrá lè dínkù, ṣùgbọ́n àwọn yàrá yẹn máa ń tán. Ẹ bá ẹlòmíràn pín yàrá bó bá ṣeé ṣe. Owó ìwọlé àti owó ìforúkọsílẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn. Ọjà tí ẹ máa rà ni kí ẹ dá iye lé kí ẹ tó kúrò nílé.

Báwo ni mo ṣe lè gbé mọ́dẹ́lì débẹ̀ kó má fọ́?

Ìbéèrè tó ń dé ọ̀dọ̀ mi jù lọ nìyí, nítorí náà màá fara balẹ̀ dá a lóhùn. Lọ́dún àkọ́kọ́, mo fi tíṣù wé Sherman mi yíká, mo gbé e sínú páálí bàtà, mo rò pé mo ti kẹ́ ẹ. Nígbà tí mo tú u ní hòtẹ́ẹ̀lì, tíṣù náà ti há mọ́ gbogbo ohun tó yọ ṣóńṣó lára rẹ̀. Bí mo ṣe ń fà á ni eriali ń bá a lọ, tí ìbọn kékeré orí rẹ̀ ń bá a lọ, tí ọwọ́ ìlẹ̀kùn méjì tí mo fi wáyà tín-ín-rín ṣe fún odindi ọ̀sẹ̀ kan ń bá a lọ. Mo jókòó sórí ibùsùn, mo sì ń wò ó.

Ohun tí mo kọ́ ni pé ohunkóhun kò gbọ́dọ̀ kan ara mọ́dẹ́lì láti òkè tàbí láti ẹ̀gbẹ́. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni kí ẹ ti dì í mú. Kí ẹ tó lẹ òkè àti ìsàlẹ̀ táǹkì pọ̀, ẹ lẹ nọ́ọ̀tù kan tàbí méjì mọ́ inú ikùn rẹ̀. Tí ẹ bá parí iṣẹ́, ẹ lu ihò sí pákó pẹlẹbẹ kan, kí ẹ ti abẹ́ pákó ki bóòtù bọ inú nọ́ọ̀tù yẹn, kí ẹ sì fún un. Ẹ wá gbé pákó náà sínú ike onídèérí tó ga ju eriali lọ, kí ẹ fi fóòmù há ẹ̀gbẹ́ pákó, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ mọ́dẹ́lì. Ẹ mi ike náà díẹ̀ kí ẹ tó jáde nílé. Bí ẹ bá gbọ́ ohùn, iṣẹ́ kò tíì tán.

Ẹ mú àpò kékeré kan dání: gọ́ọ̀mù, ẹ̀mú kékeré, ọ̀bẹ, búrọ́ṣì méjì àti díẹ̀ nínú ọ̀dà tí ẹ lò. Lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ óò rí i pé ìdajì àwọn tó wà ní hòtẹ́ẹ̀lì ló ń tún nǹkan ṣe lábẹ́ iná. Ọkùnrin yàrá kejì ló fún mi ní wáyà tí mo fi ṣe ọwọ́ ìlẹ̀kùn mi padà, kò sì gba kọ́bọ̀.

Ṣé mo lè gbé ọ̀dà àti gọ́ọ̀mù wọ bàálù?

Ọ̀dà, tínà tàbí gọ́ọ̀mù tó bá lè gbiná kò gbọ́dọ̀ wọ bàálù, yálà nínú àpò ọwọ́ tàbí nínú ẹrù abẹ́ bàálù. Ọ̀dà tí wọ́n ń fi tínà pò wà lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni tínà fúnra rẹ̀, ọ̀dà inú agolo tí wọ́n ń fọ́n, àti gọ́ọ̀mù olómi tó ń yọ́ rọ́bà. Ọ̀dà tí wọ́n fi omi pò, tí kò lè gbiná, kò ní wàhálà nínú ẹrù abẹ́ bàálù. Ọ̀bẹ tí a fi ń gé rọ́bà, inú ẹrù abẹ́ bàálù ni kí ẹ kó o sí.

Mọ́dẹ́lì ní tirẹ̀, ẹ gbé e dání, ẹ má fi í sínú ẹrù. Bí òṣìṣẹ́ pápákọ̀ bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ tètè fi pẹ̀lẹ́tù sọ ohun tó jẹ́ kó tó ṣí i, kí ẹ sì bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí ẹ ṣí ìdérí náà fúnra yín. Wọ́n sábà máa ń gbà. Ọ̀kan pe ọ̀gá rẹ̀ wá wò ó.

Báwo ni wọ́n ṣe ń dájọ́?

Níbi púpọ̀, ẹni àkọ́kọ́, ẹnì kejì, ẹnì kẹta ni wọ́n máa ń yàn, bíi ti eré ìje. Ti AMPS yàtọ̀. Wọn kì í fi mọ́dẹ́lì yín wé ti ẹlòmíràn. Òṣùwọ̀n kan wà nílẹ̀, òun ni wọ́n ń fi iṣẹ́ yín wé. Àwọn adájọ́ mélòó kan á wò ó, kálukú á fún un ní máàkì tirẹ̀, wọ́n á ro ó pọ̀, àròpọ̀ yẹn ló ń sọ bóyá wúrà ni, fàdákà ni, tàbí idẹ. Bí mọ́dẹ́lì ogún bá kúnjú òṣùwọ̀n wúrà, ogún ló máa gba wúrà.

Ohun tó jọ mí lójú jù nínú ètò náà ni ìwé tí wọ́n ń kọ. Lẹ́yìn ìdájọ́, ẹ óò gba ìwé tí wọ́n kọ àlàyé sí: ibi tí ẹ ti ṣe dáadáa, ibi tó kù díẹ̀ káàtó. Mo ṣì ní gbogbo tèmi nínú fáìlì kan. Ti ọdún àkọ́kọ́ sọ pé ọ̀dà mi dára, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kejì lápá òsì táǹkì mi kò kanlẹ̀. Mo lọ wò ó, mo sì rí i pé ìwé pélébé lè kọjá lábẹ́ rẹ̀. Láti ìgbà yẹn, mo máa ń gbé táǹkì sórí díńgí kí gọ́ọ̀mù tó gbẹ.

Ìpele wo ni kí n forúkọ sílẹ̀ sí?

AMPS pín àwọn olùdíje sí ìpele. Àwọn ọmọdé ní tiwọn, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ní tiwọn, àwọn tó ti mọ̀ ọ́n díẹ̀ ní tiwọn, ó sì ń lọ bẹ́ẹ̀ títí dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá. Bí ìgbà àkọ́kọ́ yín bá nìyí, ìpele àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ mú, bó ti wù kí ẹ ti máa to mọ́dẹ́lì nílé tó.

Kí ni àwọn adájọ́ máa ń kọ́kọ́ wò?

Ìtò ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò, kì í ṣe ọ̀dà. Àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ kì í fẹ́ gbà á, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn. Wọ́n á fi tọ́ọ̀ṣì wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Ṣé gbogbo ẹsẹ̀ ló kanlẹ̀? Ṣé ojú ibi tí rọ́bà méjì ti pàdé ti dí, àbí ó ṣì là gbọọrọ? Ẹ dí ojú ibẹ̀ kí ẹ sì ra á bí pánẹ́ẹ̀lì bítà ṣe ń ra ara mọ́tò tó gbún. Ṣé òǹtẹ̀ róbótó tí ẹ̀rọ iléeṣẹ́ fi sílẹ̀ lẹ́yìn ìlẹ̀kùn ṣì wà níbẹ̀? Ṣé ẹnu ìbọn dá ihò? Ṣé gọ́ọ̀mù yọ́ sójú ibì kan? Ṣé ẹ wọ ṣéènì ẹsẹ̀, ìyẹn èyí tó yí ẹsẹ̀ táǹkì ká, sódì? Èyí tó kẹ́yìn yìí pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ wo fọ́tò ọkọ̀ gidi kí ẹ tó wọ̀ ọ́.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n á kan ọ̀dà àti sítíkà. Bí sítíkà bá ń dán bí ọ̀rá lábẹ́ iná, wọ́n á kọ ọ́. Ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀dà tó ń dán kun ibẹ̀, ẹ lẹ sítíkà, kí ẹ tó wá fi èyí tí kò dán bò ó.

Èyí tí mo fẹ́ràn láti sọ ni ti ẹrẹ̀ àti ìdọ̀tí, nítorí níbẹ̀ ni ẹ ti ń mọ ẹni tó ń wo ayé dáadáa. Ẹrẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ibi tó ti wá. Ẹ lọ wo katapílà níbi tí wọ́n ti ń la títì: ẹrẹ̀ tútù dúdú, èyí tó gbẹ á funfun, ó pọ̀ láàárín àwọn ẹsẹ̀, ó fọ́n sí ẹ̀gbẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí lókè àyàfi ibi tí awakọ̀ ń gbé bàtà lé. Ṣéènì onírin kì í dógùn-ún níbi tó ti ń fara gbá ilẹ̀. Ibẹ̀ á máa dán bí ojú ọkọ́ tí a fi ń roko. Ibi tó fara pamọ́ ló ń dógùn-ún. Èéfín ẹ̀rọ á jẹ́ kí páìpù rẹ̀ dógùn-ún, kó sì dúdú lẹ́nu. Bí ẹ bá rò ó báyìí kí ẹ tó ki búrọ́ṣì bọ ọ̀dà, adájọ́ á rí i.

Ṣé mo lè fọwọ́ kan mọ́dẹ́lì ẹlòmíràn? Fọ́tò ńkọ́?

Ẹ má fọwọ́ kàn án láé, kódà bí ẹni tó ni ín bá ń rẹ́rìn-ín sí yín. Bí ẹ bá gbé àpò sẹ́yìn, ẹ yí i sí iwájú tàbí kí ẹ gbé e sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Àpò ẹ̀yìn ló ń gbá nǹkan bọ́ lórí tábìlì jù. Ẹ fa ọwọ́ agbádá yín sókè bí ẹ bá wọ̀ ọ́. Mo wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, mo sì mọ ohun tí mo ń sọ.

Wọn kì í sábà kọ fọ́tò. Ẹ kàn má dí ojú ọ̀nà pẹ́ jù.

Ṣé wọ́n ń ná ọjà níbẹ̀?

Wọ́n ń ná an, ṣùgbọ́n kì í ṣe bíi ti Ọjà Ọba. Ẹ má bu iye tí wọ́n pè sí ìlàjì. Ẹ bi wọ́n pé, bí mo bá ra mẹ́ta ńkọ́, èló ni ẹ máa gbà? Ìbéèrè yẹn kì í bí wọn nínú. Ọjọ́ tó kẹ́yìn, nígbà tí wọ́n ń palẹ̀ mọ́, ni owó máa ń wálẹ̀ jù, nítorí kò sẹ́ni tó fẹ́ kó páálí padà sínú mọ́tò. Ohun tó ṣọ̀wọ́n ní tirẹ̀, ẹ rà á lówùúrọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́. Mo ti fi ọ̀kan sílẹ̀ pé mò ń bọ̀, mo padà débẹ̀, àyè rẹ̀ ló ṣófo.

Ẹ ṣí páálí wò kí ẹ tó sanwó bó bá jẹ́ àlòkù. Ẹ ka àwọn àwo rọ́bà inú rẹ̀ mọ́ ti inú ìwé ìtọ́sọ́nà, kí ẹ sì rí i pé sítíkà wà níbẹ̀ tí kò tíì pọ́n.

Ṣé mo lè mú ọmọ mi lọ?

Ẹ mú un lọ. Níbi púpọ̀, wọ́n máa ń ṣètò tábìlì tí ọmọdé á ti to mọ́dẹ́lì kékeré kan tí á sì gbé e relé. Ẹ kàn kọ́ ọ pé ojú ni à ń fi wò.

Ṣé èmi nìkan ni màá jẹ́ aláwọ̀ dúdú níbẹ̀?

Ẹ lè má jẹ́ ẹ̀yin nìkan, ṣùgbọ́n ẹ ò ní pọ̀. Màá sọ òtítọ́ nítorí mo mọ̀ pé ìbéèrè yìí ti dá àwọn kan dúró sílé. Lọ́dún àkọ́kọ́ mi, ọkùnrin kan rò pé òṣìṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì ni mí, ó ní kí n bá òun wá omi. Ó dùn mí títí di alẹ́. Mo ronú pé kí n di ẹrù mi.

Ohun tó dá mi dúró ni pé mọ́dẹ́lì mi ti wà lórí tábìlì. Nígbà tí mo padà síbẹ̀, àwọn mẹ́ta ti dúró tì í, wọ́n ń jiyàn nípa bí mo ṣe kun erùpẹ̀ rẹ̀. Wọ́n bi mí, mo ṣàlàyé fún wọn pé erùpẹ̀ ilé wa ni mo ní lọ́kàn, erùpẹ̀ pupa ọ̀nà Ìkirè nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Wọ́n ní kí n kọ iye ọ̀dà tí mo pò sílẹ̀ fún wọn. Láàárín àwọn èèyàn wọ̀nyí, iṣẹ́ ọwọ́ yín ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sì hùwà àìdáa sí yín, ẹ lọ sọ fún àwọn tó ṣètò rẹ̀. Ẹ má gbé e mì.

Mo ń gbé ní London. Ṣé kò sí èyí tó sún mọ́ mi?

Ó wà. Scale ModelWorld máa ń wáyé ní Telford, ní Shropshire, lóṣù Kọkànlá. Ẹ̀ka ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti IPMS, ìyẹn International Plastic Modellers' Society, ẹgbẹ́ àwọn tó ń to mọ́dẹ́lì, ló ń ṣe é. Gbogbo irú mọ́dẹ́lì ló ń wọbẹ̀: bàálù, ọkọ̀ ojú omi, mọ́tò, táǹkì. Ó tóbi débi pé ọjọ́ kan kò tó. Bí ẹ bá sì fẹ́ rí táǹkì gidi kí ẹ tó kun tiyín, ẹ lọ sí Tank Museum ní Bovington, ní Dorset. Níbẹ̀ ni táǹkì Tiger 131 wà, èyí tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn ará Jámánì ní Tunisia lọ́dún 1943, tí ẹ̀rọ rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ títí dòní.

Àwọn táǹkì Jámánì pọ̀ níbẹ̀. Àmì Násì ńkọ́?

Òfin orílẹ̀-èdè ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ní Jámánì, òfin dè é láti máa gbé àmì yẹn hàn ní gbangba, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pa á rẹ́ lára àwòrán orí páálí tí wọ́n ń tà níbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, òfin kò sọ nǹkan kan, àwọn tó ṣètò ìpàtẹ ló ń sọ ohun tí wọ́n bá fẹ́.

Àmì tó wà lára táǹkì Jámánì fúnra rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ àgbélébùú dúdú onílà funfun. Èyí tí ẹ̀rù ń bani nítorí rẹ̀ wà lára àsíá tí wọ́n máa ń tẹ́ sẹ́yìn táǹkì kí bàálù tiwọn lè dá wọn mọ̀. Èmi kì í tẹ́ àsíá yẹn. Mo mọ ohun tí àwọn ènìyàn yẹn rò nípa àwọ̀ ara mi, mo sì mọ ohun tí wọ́n ṣe fún àwọn Júù. Mo lè to Panther kí n sì gbóríyìn fún ẹni tó yà á, síbẹ̀ n ò ní bá wọn gbé àsíá wọn.

Ṣé páálí ọkọ̀ ogun Nàìjíríà wà?

Páálí tí wọ́n kọ Nàìjíríà sí lára ṣọ̀wọ́n, àmọ́ ọkọ̀ tí ológun wa lò wà. Iléeṣẹ́ Dragon, tó ń ṣe páálí mọ́dẹ́lì, ti ṣe Saladin ní 1/35, ọkọ̀ onírin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà tí ìbọn rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 76, iṣẹ́ iléeṣẹ́ Alvis ní Coventry. Iléeṣẹ́ Airfix ṣe Ferret, èyí tó kéré, tó ní táyà mẹ́rin. Iléeṣẹ́ Takom ṣe ọkọ̀ onírin AML-90 ti ilẹ̀ Faransé, Tamiya sì ṣe táǹkì T-55. Gbogbo rẹ̀ ni ológun Nàìjíríà ti lò.

Àwọ̀ rẹ̀ ni ìṣòro. Fọ́tò dúdú àti funfun kò lè sọ irú àwọ̀ ewé tó jẹ́ fún yín. Ẹ wá àwọn tó ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, kí ẹ sì kọ ohun tí wọ́n bá sọ sínú ìwé pélébé tí ẹ máa gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́dẹ́lì. Àwọn adájọ́ kò mọ ọkọ̀ wa bí wọ́n ṣe mọ Sherman. Ìwé yẹn á ràn wọ́n lọ́wọ́.

Mo fẹ́ to ọkọ̀ ìgbà ogun abẹ́lé wa. Ṣé kò burú?

Kò burú, ṣùgbọ́n ẹ rọra. Ogun 1967 sí 1970 kò tíì jìnnà sí wa. A ṣì ń sọ nílé pé “ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀,” láti ìgbà tí àwọn ọmọ ogun Biafra wọ Ọ̀rẹ̀ lóṣù Kẹjọ 1967. Àwọn tó gbọ́ ìró ìbọn yẹn ṣì wà láàyè. Lápá kejì odò Ọya, ọ̀pọ̀ ìdílé ló pàdánù ọmọ nítorí ebi. Ẹni tó máa dúró níwájú tábìlì yín lè jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Tèmi ni pé kí ẹ to ọkọ̀ náà pẹ̀lú òtítọ́, kí ẹ má fi òkú ènìyàn ṣe ọ̀ṣọ́, kí ẹ má kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀gàn sí i lára. Ẹ wádìí ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ tọ̀tún tòsì. Ní National War Museum ní Umuahia, àwọn ọkọ̀ onírin tí àwọn ará Biafra fọwọ́ ara wọn ṣe, tí wọ́n ń pè ní Red Devil, ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá wo bí wọ́n ṣe jó irin pẹlẹbẹ mọ́ ara ọkọ̀ akẹ́rù, kò ní ṣàìbọ̀wọ̀ fún àwọn tó ṣe é, ìhà yòówù kí bàbá rẹ̀ ti jà. Kò sí páálí rẹ̀ tí mo rí rà rí. Pákó rọ́bà funfun ni ẹ máa gé, kí ẹ sì ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀.

Mi ò fara mọ́ máàkì tí wọ́n fún mi. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ sùn lé e lórí. Lówùúrọ̀, ẹ gbé ìwé àlàyé yẹn sọ́wọ́ kan, tọ́ọ̀ṣì sọ́wọ́ kejì, kí ẹ wo mọ́dẹ́lì yín láti ẹ̀gbẹ́ tí adájọ́ gbà wò ó. Nígbà kan, wọ́n kọ ọ́ fún mi pé sítíkà mi ń dán. Mo ti múra tán láti bá wọn fà á. Mo tẹ̀ ba, mo tan iná sí i, ó sì ń dán lóòótọ́.

Bí ẹ bá wò ó tí ọ̀rọ̀ náà kò sì tún jọ òótọ́, ẹ lọ bá ọ̀gá àwọn adájọ́ wẹ́rẹ́, kí ẹ ní kí ó fi hàn yín. Ẹ tún lè forúkọ sílẹ̀ láti kọ́ iṣẹ́ adájọ́. Ohun tí mo kọ́ lọ́jọ́ kan tí mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn adájọ́ ju ohun tí mo kọ́ ní ọdún mẹ́ta lórí tábìlì ilé mi.

Bàbá bàbá mi jà ní Bọ́má. Ṣé mo lè to nǹkan tó jẹ mọ́ ọn?

Mo máa ń yọ̀ tí ẹnì kan bá béèrè èyí. Àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó lọ sí Bọ́má, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn jù, orí ni wọ́n sì fi ru ẹrù. Dífíṣọ̀n 81, ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ogun wọn ńlá, wọ àfonífojì Kaladan lọ́dún 1944, bàálù ló ń ju oúnjẹ àti ọta sílẹ̀ fún wọn láti òkè. Kí wọ́n tó débẹ̀, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi la ọ̀nà jíìpù gba orí òkè àti inú igbó kọjá, ọ̀nà tó gùn ju máìlì 70 lọ. West African Way ni wọ́n sọ ọ́.

Nítorí náà, ẹ má wá táǹkì. Ẹ ra jíìpù Willys, Tamiya ń ṣe é ní 1/35, kí ẹ gbé e sórí ọ̀nà ẹlẹ́rẹ̀ kan tí ọparun bò lọ́tùn-ún lósì. Ẹ to ọkùnrin mẹ́rin tó ń tì í lẹ́yìn, àti ẹnì kan tó ru àpótí sórí, tí ọrùn rẹ̀ dúró ṣánṣán bí ti ẹni tó mọ ẹrù rù láti kékeré. Àwọn ère ọmọ ogun tí wọ́n ń tà, ojú òyìnbó ni wọ́n fi sí wọn. Ẹ máa ní láti fi ọ̀bẹ gé imú àti ètè wọn, kí ẹ fi pọ́tì mọ ọ́n padà. Ó ń gba sùúrù, mo lo ìrọ̀lẹ́ mẹ́jọ lórí ojú kan.

Àmì dífíṣọ̀n náà ni aláǹtakùn dúdú lórí àwọ̀ yẹ́lò, aláǹtakùn inú àlọ́ àwọn Akan. Ní 1/35, kò tó orí abẹ́rẹ́ méjì lápá ẹ̀wù. Mo fi búrọ́ṣì tín-ín-rín ya ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, mo ń mí lẹ́yìn tí mo bá ti ya ọ̀kan tán.